Apọ́nni kan kì í ṣe apọ́nni kejì: lórí "flatterer", "sycophant", "toady" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn

Ìbéèrè: Iṣẹ́ títúmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ rédíò kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá gbólóhùn kan pàdé tí ó sọ pé "sycophants, toadies and yes-men" ni ó yí gómìnà kan ká. "Apọ́nni" ni ìwé atúmọ̀ èdè tó wà lọ́wọ́ mi kọ sí iwájú ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun náà ni ó sì kọ sí iwájú "flatterer". Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, àbí ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí èmi kò mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ dúró bi ara yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó ka ìròyìn náà sórí afẹ́fẹ́. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó sì tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí atúmọ̀ tí kò bá kíyè sí i fi lè yin ẹni tí akọ̀ròyìn ń bú, tàbí kí ó bú ẹni tí wọ́n kàn fi ṣeré.

Bí èmi ṣe máa ń rò ó nìyí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ojúrere ẹlòmíràn ní ohun tí ó fi ń rà á. Ẹnu ni ẹnì kan fi ń rà á, ara ni ẹlòmíràn fi ń rà á. Ẹnì kan ń ta iyì rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń ta òye tí ó wà nínú orí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa wo ohun tí ẹni náà ń san kí ó tó fún un lórúkọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀rọ̀ yìí kò fi dà bí àkàbà tí a ń gùn láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó burú jù. Ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń tà.

"Flatterer" ló fúyẹ́ jù nínú wọn. Láti inú èdè Faransé àtijọ́ ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí a fi ọwọ́ pa nǹkan lára kí ó lè tẹ́jú, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń fọwọ́ pa ọmọ lórí kí ó lè dákẹ́. Ẹnu nìkan ni "flatterer" ń ná. Kò pọn dandan kí ẹni tí ó ń pọ́n jẹ́ olówó tàbí aláṣẹ. Aláṣọ tí ó ta gèlè lé oníbàárà lórí, tí ó sún sẹ́yìn díẹ̀, tí ó wá pàtẹ́wọ́ pé "Ìyàwó, ó dà bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ti hun ún fún yín" ti ṣe iṣẹ́ "flatterer", kò sì sí ẹni tí yóò torí ìyẹn pè é ní "sycophant". Ọkùnrin lè yin obìnrin, kí obìnrin náà rẹ́rìn-ín, kí ó ní "You flatterer!" láìsí ìbínú kankan níbẹ̀. Bí Òyìnbó bá sì sọ pé "I am flattered", ohun tí ó ń wí kò ju pé orí òun wú lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí "flatterer" nìkan, "apọ́nni" tàbí "ẹlẹ́nu dídùn" ti tó o.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé: ọ̀rọ̀ kékeré kan ni Yorùbá fi ya ohun rere sọ́tọ̀ kúrò lára ohun burúkú níbí. Bí a bá pọ́n ènìyàn lé, àpọ́nlé ni, ọ̀wọ̀ tòótọ́ ni. Bí a bá mú "lé" kúrò, ó di ìpọ́nni, ẹnu ìpọ́nni tí ìwé Òwe nínú Bíbélì Yorùbá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ìparun. Mo ti gbọ́ àwọn akàròyìn tí wọ́n ń lo ọ̀kan fún èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Sycophant" ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa jù, nítorí òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ wa, ìrìn àjò rẹ̀ sì jìn. Èdè Gíríìkì ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an sì ni "ẹni tí ó ń fi èso ọ̀pọ̀tọ́ hàn". Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì àtijọ́ kan, sọ pé òfin wà nígbà kan ní Athens, ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Gíríìsì, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ọ̀pọ̀tọ́ jáde kúrò nílùú láti lọ tà, àti pé àwọn tí ń tú àṣírí àwọn arúfin náà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ gba ìtàn ọ̀pọ̀tọ́ yìí gbọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn náà ń ṣe kò ní àríyànjiyàn nínú. Ní Athens ní ọ̀rúndún 5 àti 4 ṣáájú ìbí Kristi, ìjọba kò ní agbẹjọ́rò tí ń pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Ọmọ ìlú èyíkéyìí tí ó bá wù ni ó lè pe ẹlòmíràn lẹ́jọ́, nínú àwọn ẹjọ́ kan sì rèé, ẹni tí ó pe ẹjọ́ tí ó sì jàre a máa gba ìpín nínú owó ìtanràn tàbí nínú dúkìá tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí irú èyí máa ń bí. Àwọn kan sọ ọ́ di òwò: wọn a lọ bá ọlọ́rọ̀ nílé, wọn a ní kí ó fún àwọn lówó kí àwọn má baà gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Ó le débi pé wọ́n ṣòfin pé olùpẹ̀jọ́ tí kò bá rí ìdá kan nínú márùn-ún ìbò àwọn adájọ́ gbọ́dọ̀ san 1,000 drachma, owó ilẹ̀ Gíríìsì ìgbà náà. Aristophanes, òǹkọ̀wé eré apanilẹ́rìn-ín ní Athens, a sì máa gbé wọn jáde nínú eré rẹ̀ kí àwọn ará ìlú lè fi wọ́n ṣẹ̀sín.

Olófòófó àti afẹ̀sùnkanni ni "sycophant" àkọ́kọ́, nígbà náà, kì í ṣe apọ́nni. Ìtumọ̀ olófòófó yìí ni ó kọ́kọ́ gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 16, kí ó tó yí padà láàárín ọ̀rúndún náà sí ẹni tí ń wárí fún alágbára. Ọ̀nà tí ó gbà yí kò ṣòro láti rí: ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lọ sí etí ìjòyè, ojúrere ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ní Gíríìsì òde òní, abanijẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì jẹ́, àwọn Faransé náà sì ṣì ń lò ó fún afẹ̀sùnkanni. Bí ẹ bá ń túmọ̀ láti Faransé, tí ẹ kọ "apọ́nni" síbẹ̀, ẹ ti ṣìnà.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì tòní, nǹkan méjì gbọ́dọ̀ pé kí a tó lè pe ènìyàn ní "sycophant": agbára níwájú rẹ̀, àti èrè lọ́kàn rẹ̀. A lè pọ́n ọmọdé, a lè pọ́n alágbe pàápàá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè jẹ́ "sycophant" fún alágbe. Ní oṣù kẹrin ọdún 1998, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba ológun fún ní ìwé àṣẹ fi ẹnu kò pé Ọ̀gágun Sani Abacha nìkan ni àwọn fẹ́ fà kalẹ̀ fún ipò ààrẹ, tí Bọ́lá Ìgè sì ti pe àwọn ẹgbẹ́ náà ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa àwọn tí ń polongo fún ọ̀gágun náà kò ní sọ pé "flatterers" ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà ti fúyẹ́ jù, kò ní èrè nínú, kò sì ní ìbẹ̀rù nínú. "Sycophants" ni ó bá a mu. Yorùbá ní òwe kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Bí mo bá ń túmọ̀ rẹ̀, "àwọn tí ń pọ́n aláṣẹ nítorí ohun tí wọn yóò rí jẹ" ni mo máa ń lò. N kò ní fi "olófòófó" kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé irú wọn kì í pẹ́ kó ọ̀rọ̀ ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ sí etí ọ̀gá, àfi bí gbólóhùn tí mò ń túmọ̀ bá sọ ọ́.

Kí ó lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a jọ wọ yàrá ìpàdé kan. Alága ìjọba ìbílẹ̀ jókòó, ó dé fìlà tuntun. Ó na ìka sí àwòrán tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì, ó ní gọ́tà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ gbọ́dọ̀ gba iwájú ilé ẹjọ́ kọjá kí ó tó dé odò. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú yàrá náà pé orí òkè ni ilé ẹjọ́ wà, àti pé omi kì í gun òkè. Ẹni àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Alága, fìlà yìí mà bá ojú yín mu o, ẹ wá dà bí ọmọ ogún ọdún." Ẹnjiníà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ wo àwòrán náà títí, ó rọra gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí ẹ ṣe wí i gan-an ni." Ẹnì kẹta kò la ẹnu rárá, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnujú tirẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà Alága, Alága kò sì wo ìsàlẹ̀. Ẹnì kẹrin mú sùúrù títí ìpàdé fi tú, ó sin Alága dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò, ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọba ìbílẹ̀ náà sílẹ̀, kò tíì sí alága tí ó mọ ìlú tún ṣe bí èyí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ó fi kún un pé ọmọ òun ti parí ìwé o, ó ń wá iṣẹ́.

Ẹni àkọ́kọ́ ni "flatterer", ẹnì kẹrin ni "sycophant". Ẹni tí ń nu bàtà ni "toady", ẹnjiníà sì ni "yes-man". Bí ẹ bá pe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní apọ́nni, ẹ ti pa irọ́ mọ́ méjì nínú wọn, nítorí ẹnjiníà kò yin ẹnikẹ́ni, ẹni tí ń nu bàtà kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ìtàn "toady" bani lọ́kàn jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 17, àwọn oníṣègùn ayédèrú tí ń kiri ọjà a máa mú ọmọṣẹ́ kan dání, bí àwọn tí ń ta oògùn ní gáréèjì lọ́dọ̀ wa ṣe máa ń mú ẹni tí yóò jẹ́rìí fún oògùn wọn dání. Àwọn ènìyàn ìgbà náà gbà pé májèlé ni ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọṣẹ́ náà yóò jẹ ọ̀pọ̀lọ́ lójú gbogbo ènìyàn, tàbí kí ó ṣe bí ẹni tí ó ń jẹ ẹ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò wá "wò ó sàn" kí ọjà lè tà. "Toad-eater" ni wọ́n ń pè é. Láti ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ràn mọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá lè gbé ohun ìríra mì nítorí ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọ̀rúndún 19, wọ́n gé e kúrú sí "toady". Iyì ara rẹ̀ ni "toady" ń ná. Ó lè dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí ó má yin ẹnikẹ́ni, kí ó ṣì jẹ́ "toady", nítorí ohun tí ó ń gbà mọ́ra ni orúkọ náà ń wò, kì í ṣe ohun tí ó ń sọ. Ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹni tí ó ti sọ ara rẹ̀ di ẹrú ọ̀gá", tàbí, bí ẹ bá fẹ́ kí ó ta díẹ̀, "ẹni tí kò sí ẹ̀gbin tí kò lè gbé mì nítorí ọ̀gá". "Bootlicker" àti "lickspittle" jẹ́ ìbátan rẹ̀: ọ̀kan ń lá bàtà, èkejì ń lá itọ́. "Lickspittle" ló gbóná jù, ṣùgbọ́n ó ti di ọ̀rọ̀ inú ìwé. "Bootlicker" ni ẹ ó máa bá pàdé nínú ìròyìn.

"Yes-man" ni mo bẹ̀rù jù. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà, ó sì rọrùn lójú débi pé atúmọ̀ kì í bìkítà fún un. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo gbọ́ ìròyìn kan lórí rédíò tí wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ sí "ẹni tí ó máa ń gbọ́ràn sí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu". Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbọ́ ọ mi orí, ó ní ọmọlúwàbí ni ẹni náà. Kí ni n bá ti wí? Ní etí Yorùbá, ìgbọràn jẹ́ ìwà rere, nígbà tí ẹ̀sùn sì ni akọ̀ròyìn fi kan ọkùnrin náà pé ó ní ọpọlọ ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti lò ó. Òye rẹ̀ ni "yes-man" fi ń san owó ojúrere. Ó mọ̀ pé omi kì í gun òkè, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni láti sọ ọ́, ó wá gbé bírò sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, tí ọ̀gbàrá wọ ilé onílé, kò sí ẹni tí yóò rántí ẹni tí ó yin fìlà. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹnjiníà ni omi náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi "ìgbọràn" kàn án láéláé. Ẹ kọ "ẹni tí kò lè sọ òtítọ́ fún ọ̀gá rẹ̀", tàbí "oníbẹ́ẹ̀-ni" bí àyè ọ̀rọ̀ bá gbà á.

Àwọn ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí wọ́n ń sọ nípa ara ju ẹnu lọ: "fawning" àti "obsequious". Ajá tí ń ju ìrù, tí ń yí gbirigbiri lẹ́sẹ̀ olówó rẹ̀ ni "fawning" mú wá sí ojú Òyìnbó. "Obsequious" ní tirẹ̀ ti inú Látìn wá, ó jẹ mọ́ títẹ̀lé ènìyàn lẹ́yìn, ìyìn ni ó sì jẹ́ nígbà kan, nítorí onígbọràn tí ó mọ ojúṣe rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ kí ó tó bàjẹ́. Ibí yìí ni kí ọmọ Yorùbá ti ṣọ́ra gidigidi. Ọmọkùnrin tí ó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀, obìnrin tí ó kúnlẹ̀ gbé omi fún àlejò, wọn kì í ṣe "obsequious", bí àjèjì tilẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àṣejù ni ọ̀rọ̀ náà ń wò, àṣejù kò sì ṣe é wọ̀n láìmọ òdiwọ̀n ìlú. Bí ẹni tí ó ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bá tún ń dọ̀bálẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọ̀gá bá húkọ́, nígbà náà ni a tó lè pè é bẹ́ẹ̀.

Ní ti "parasite", kí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá tó gbà á fún aràn àti iná orí, ẹni tí ń jókòó jẹun nídìí tábìlì ẹlòmíràn ni lédè Gíríìkì. Ó súnmọ́ mo-gbọ́-mo-yà, àmọ́ mo-gbọ́-mo-yà a jẹun tán, a bá tirẹ̀ lọ. "Parasite" ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rín àti ìyìn san owó oúnjẹ. "Eye-service" tí àwa ọmọ Nàìjíríà fẹ́ràn wà nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, "àrójúṣe" sì ti wà ní Yorùbá fún un. Iṣẹ́ ojú ayé ni, kì í ṣe ìpọ́nni. Bí ẹ bá rí "brown-noser", ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ rírùn láti ẹnu àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, kò sì yẹ kí a ṣàlàyé orírun rẹ̀ lórí rédíò. "Teacher's pet" kì í sì í ṣe ẹ̀bi ọmọ nígbà gbogbo, nítorí olùkọ́ ni ó yan ẹni tí ó fẹ́ràn.

Mo ní láti dúró díẹ̀ lórí "praise-singer", nítorí ó ń dùn mí. Àwọn oníwèé ìròyìn wa ti sọ ọ́ di orúkọ mìíràn fún apọ́nni olóṣèlú, àwọn atúmọ̀ kan sì wá ń dá a padà sí Yorùbá gẹ́gẹ́ bí "akéwì" tàbí "onírárà". Onírárà ààfin Ọ̀yọ́ kì í ṣe "sycophant". Oríkì kì í ṣe ìpọ́nni. Ẹ tẹ́tí sí oríkì orílẹ̀ èyíkéyìí, ẹ ó gbọ́ ìjà tí àwọn baba ńlá pa tì, gbèsè tí wọ́n jẹ àti àléébù tí apọ́nni kò jẹ́ fẹnu kàn. Apọ́nni ń fi ohun tí ọ̀gá fẹ́ gbọ́ wá oúnjẹ òòjọ́. Akígbe tòótọ́, ẹni tí ń ki ọba ní oríkì, ń rán ọba létí ẹni tí ó bí i. Bí ìròyìn bá lo "praise-singers" fún àwọn tí ń tẹ̀lé olóṣèlú, ẹ túmọ̀ ohun tí akọ̀ròyìn ní lọ́kàn, kí ẹ sì fi àwọn akéwì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí gbólóhùn yín. Bí àkókò bá wà, èmi yóò kà á báyìí: "Àwọn tí ó yí gómìnà náà ká ni àwọn tí ń pọ́n ọn nítorí ohun tí wọn yóò rí jẹ, àwọn tí ó ti sọ ara wọn di ẹrú rẹ̀, àti àwọn tí kò lè sọ fún un pé ó ṣìnà." Mo mọ̀ pé ó gùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, mo sì mọ̀ pé aago kì í dúró de akàròyìn. Bí ó bá di dandan kí ẹ gé e kúrú, ẹ da méjì àkọ́kọ́ pọ̀, kí ẹ ní "àwọn apọ́nni tí ń wá oúnjẹ lọ́dọ̀ rẹ̀", ṣùgbọ́n ẹ fi ẹ̀kẹta sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nítorí apọ́nni kò lè dúró fún un.